Omi Márà

Fẹ́hìntọlá ni orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ bà mí lórúkọ jẹ́. Ó jù mí lọ, ṣùgbọ́n mi ò ní pè é ní "wọ́n" nínú ohun tí mo fọwọ́ ara mi kọ. Bí mo bá ti ṣí ẹ̀rọ omi láàárọ̀ nínú ilé mi ní South Shore, lókè òkun níbí, kí omi tó jáde, páìpù á kọ́kọ́ ké, bí ohùn ọmọdé nísàlẹ̀ kànga: "Má-rà. Má-rà."

Ní kíláàsì Ọjọ́ Ìsinmi wa, tíṣà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìlú tàbí ibùdó kan nínú Bíbélì, kí a lè dìde níwájú ìjọ ká sọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Hébérù. Bẹ́tẹ́lì, ilé Ọlọ́run. Gílígálì, yíyí. Èmi ni mo ni Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ilé oúnjẹ. Fẹ́hìntọlá, olórí kíláàsì, gbà á lọ́wọ́ mi, ó sì fún mi ní Márà, omi kíkorò.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ẹ ń mu omi nínú ike, ìkòkò ni wọ́n fi ń ta omi tútù nígbà náà. Ìyá mi ń tà á, ìyá Fẹ́hìntọlá náà ń tà á lódìkejì títì. Lọ́jọ́ kejì tí mo gbé omi jáde, Fẹ́hìntọlá kó àwọn ọmọ tẹ̀lé mi lẹ́yìn:

"Márà! Ẹ má rà á! Márà! Ẹ má rà á o!"

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, omi kànga wa korò lóòótọ́. Ìyá mi tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù, ó wá ń wò mí bí ẹni tí kò bí mi. Kò sẹ́ni tó ra omi wa mọ́. A kó lọ sí abúlé, a ò sì padà.

Nítorí ọ̀rọ̀ kan yẹn ni mo ṣe kọ́ èdè Hébérù ní yunifásítì. Tíṣà ò purọ́, ìkorò ni ìtumọ̀ rẹ̀. "Má rà" ni kò sí nínú ìwé wọn. Wọ́n ti dí kànga náà, wọ́n ti kọ́lé lé e lórí, àwọn ọmọ tó ń pariwo sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Orúkọ yẹn nìkan ni kò kú.

Ní Sátidé tó kọjá, mo lọ bá Fẹ́hìntọlá nílé ọmọ rẹ̀ ní Hazel Crest, ìlú kan tí kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ mi. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó kú: pé kì í ṣe èmi ni mo ba kànga yẹn jẹ́.

"Àǹtí, ẹ káàbọ̀ o," ọmọ rẹ̀ ní, aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. "Mọ́mì ò mọ ẹnikẹ́ni mọ́. Láàárọ̀ yìí, wọ́n pè mí ní nọ́ọ̀sì wọn, wọ́n ní mo ti pẹ́ dé shift, kí n máa lọ sílé wa."

Fẹ́hìntọlá jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Orúnkún mi kúnlẹ̀ kí n tó rántí pé mò ń bínú.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ̀ mí?"

Páìpù ké nínú ògiri. Ó yíjú sí mi, ohùn ọmọdé ló sì jáde lẹ́nu rẹ̀: "Márà, òùngbẹ ń gbẹ mí."

Mo bu omi fún un. Ó mu ún tán, ó tún na ife sí mi.

"Ó mà dùn o. Ta ló sọ fún wọn pé omi yín korò?"