Ṣòkòtò Tó Wọn Egungun

Télọ̀ ni ọkùnrin yìí, ọdún kẹtàdínlógójì rẹ̀ nìyí nídìí máṣíìnì. Ó-Gún-Régé ni àwọn oníbàárà ń pè é. Bí o bá kí i lójú pópó, èjìká ẹ̀wù rẹ ni yóò kọ́kọ́ wò kó tó dá ọ lóhùn.

Nígbà tí oríkèé ìbàdí òsì rẹ̀ jẹ tán, ilé ìwòsàn ní àwọn á pààrọ̀ rẹ̀. Dókítà, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tí ọkùnrin náà lè bí lọ́mọ, ṣàlàyé pé òun kò ní lo sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi ń lẹ irin mọ́ egungun rárá. Ọ̀pá irin tó bá ihò egungun itan mu rẹ́gí lòun máa gbá wọlé, egungun fúnra rẹ̀ ni yóò hù mọ́ ọn, tí yóò dì í mú.

“Ta ló wọ̀n ọ́n?” Ìbéèrè kan ṣoṣo tí ọkùnrin náà ní nìyẹn.

“Èmi ni, Bàbá.”

“Ẹ tún un wọ̀n.”

Dókítà tún un wọ̀n.

Iṣẹ́ abẹ náà lọ geere. Òfin tó bá a wálé ni pé kó máa fi ọ̀pá abẹ́ abíyá méjì rìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí irin náà má baà rì kí egungun tó dì í mú. Kó má bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó má sì tẹ máṣíìnì. Ìyá Ìbejì, aya rẹ̀, tó mọ̀ ọ́n ju dókítà lọ, ti yọ okùn máṣíìnì pamọ́ kó tó dé. Ọkọ rẹ̀ wá orí pẹpẹ, ó wá ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kò rí i. Ló bá fọwọ́ ṣẹ́ ẹnu ẹsẹ̀ ṣòkòtò dúdú kan fún ara rẹ̀, ọ̀tún àti òsì kan bàtà dọ́gbadọ́gba.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù nígbà tí tíṣà kan kọjá nínú kóòtù tuntun. Télọ̀ òdìkejì títì ló rán an. Èjìká kan ga, èkejì ń wolẹ̀. Àwọn ẹlòmíì lè rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí wọ́n sì jókòó wọn. Ó-Gún-Régé ju ọ̀pá méjèèjì nù, ó gbá tẹ̀lé e dé ìkóríta.

“Tíṣà! Kí lẹ ṣe fún ẹni tó rán èyí fún yín?”

Ìyá Ìbejì kò sí nílé. Ṣòkòtò dúdú tó wọ̀ nìkan ni ẹlẹ́rìí.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó rí eruku lẹ́nu ẹsẹ̀ ṣòkòtò òsì. Ọ̀tún mọ́ tónítóní. Ó ní aṣọ ló fà. Ó tẹ́ ẹ, ó na téèpù sí i: méjèèjì dọ́gba. Bí aṣọ kò bá gùn sí i, a jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló kúrú. Irin ti ń rì, bí kò bá sì dúró, wọ́n á tún itan yẹn là. Ó wọn ibi tó ń wọ́lẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ sókè, ó sì panu mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, dókítà gbé fọ́tò egungun méjì síwájú iná.

“Bàbá, ó ti rì díẹ̀.”

“Mìlímítà mẹ́rin.”

Dókítà wọ̀n ọ́n. Mẹ́rin ni. “Ta ló sọ fún yín?”

“Ṣòkòtò mi ni.”

Ìyá Ìbejì yíjú sí i. “Bàbá Ìbejì, kí lẹ ṣe?”

“Èjìká kóòtù kan ni.”

“Ẹ sáré?”

“Mo yára rìn.”

Dókítà pa ẹ̀rín mọ́ra. Ó ní irú irin bẹ́ẹ̀ máa ń rì díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ kó tó jókòó, pé kó máa rì lọ ni kò dáa. “Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i. Bó bá dúró sí mẹ́rin, ó parí. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, a ó tún ibẹ̀ là.”

Ọkùnrin náà yí àga rẹ̀ kọjú sí ògiri, kó má baà rí kóòtù ẹnikẹ́ni. Ní àràárọ̀ Ọjọ́ Ajé, yóò wọ ṣòkòtò dúdú, Ìyá Ìbejì yóò bẹ̀rẹ̀, yóò fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára bàtà níbi tí aṣọ kàn.

“Ẹ dúró dáadáa. Ẹ ń na ọrùn.”

“Ṣé ọrùn lò ń wọ̀n ni?”

Ìlà kejì bọ́ sórí ìkíní, ìkẹta bọ́ sórí ìkejì. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tuntun náà fi máa pé, ìlà kan ṣoṣo ló ṣì wà lára bàtà, ó kàn nípọn.

“Mẹ́rin náà ni,” ni dókítà wí nígbà tí wọ́n padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. “Egungun ti dì í mú. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀, ẹ lè tẹ máṣíìnì, ẹ lè ju ọ̀pá nù.”

“Dókítà, ẹ ní kí wọ́n gbé e sílẹ̀,” ni Ìyá Ìbejì wí. “Jíjù ló kó wa débí.”

Wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù. “Okùn máṣíìnì mi dà?”

Ìyá Ìbejì fi ẹnu júwe àpótí ìsàlẹ̀ pátápátá lábẹ́ tábìlì ọkọ rẹ̀, níbi tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kàn án láti oṣù mẹ́ta. “Wọ́n ní ẹ ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ibo ni ǹ bá tún tọ́jú ẹ̀ sí?”

Tíṣà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé kóòtù ọjọ́sí kọ́ apá. Ó-Gún-Régé dìde lọ bá a, láìsáré.