Kaun Tó Wọ Inú Ẹ̀wà

Ọjọ́ tí kaun tán nílé wa, ẹ̀wà la jẹ láàárọ̀. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé nǹkan ńlá kan ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá mi fi èyí tó kù nínú agolo se ẹ̀wà kó lè tètè rọ̀, èmi náà sì jẹ àwo méjì.

Iṣẹ́ ọ̀bẹ ni baba mi ti ń ṣe ní Sábọ́n Gàrí ní Kánò, lẹ́yìn Enugu Road, kí wọ́n tó bí mi. Kì í ṣe pé ó ń rọ ọ̀bẹ o. Alágbẹ̀dẹ Haúsá kan ló ń bá wa rọ ọ́ láti ara irin sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù. Tiwa ni ká ya ọnà sí i lára. A ó yọ́ àbẹ́là bo irin náà, a ó fi abẹ́rẹ́ ha ọnà tí oníbàárà fẹ́ sínú àbẹ́là yẹn títí irin yóò fi hàn, a ó wá da ásíìdì bátìrì lé e. Ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà kọjá nìkan ni ásíìdì ń jẹ. Tó bá ti jẹ ẹ́ tó, inú omi kaun ni ọ̀bẹ ń lọ, kó lè pa agbára ásíìdì náà. Omi náà yóò máa hó ṣàà, baba mi kì í sì í jẹ́ ká yọ ọ̀bẹ títí híhó yẹn yóò fi dákẹ́ pátápátá.

"Ásíìdì ò mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí," ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀, "àfi tí o bá sọ fún un."

Mo ti gbọ́ ọ débi pé kì í wọ̀ mí létí mọ́.

Nígbà tí ọwọ́ baba mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n tí mo gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn oníbàárà kan yínmú. Wọ́n ní ta ló ń gbé ọ̀bẹ fún obìnrin. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ fún mi ni Alhaji kan, télọ̀ ní Gwagwarwa, Yorùbá bíi tiwa tí bàbá rẹ̀ àgbà ti ń gbé Kánò. Abẹ́rẹ́ ni òun náà fi ń jẹun: òun ló ń fi ọwọ́ rán ọnà sí ọrùn agbádá, àwọn èèyàn ńlá a sì máa dúró dè é fún oṣù méjì. Lójú gbogbo wọn ló ti sọ fún baba mi pé, "Ẹ gbé e fún ọmọ yìí jàre. Ọwọ́ ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe irùngbọ̀n." Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn láti ọjọ́ náà.

Nígbà tí Iléyá ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ya ọnà tó máa ń rán sọ́rùn agbádá sórí ìwé, ó ní kí n fi sára ọ̀bẹ tóun yóò fi pa àgbò. Ó ní kó jinlẹ̀, kí wọ́n rí i láti òkèèrè. Mo jẹ́ kí ásíìdì pẹ́ lórí rẹ̀. Mo ya òdòdó àárín ọnà náà sára ọ̀bẹ kékeré kan pẹ̀lú, kí n lè máa fi han àwọn oníbàárà.

Bí mo ṣe parí ni fóònù mi dún. Alhaji ti wà lẹ́nu ọ̀nà nínú kẹ̀kẹ́ adaidaita, oníkẹ̀kẹ́ náà sì ń pariwo pé òun ò ní dúró. Baba mi ti lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Mo ṣí agolo kaun, ó ṣófo.

"Màámi, kaun dà?"

"Ó wà níkùn ẹ," ìyá mi dá mi lóhùn láti ilé ìdáná. "Lọ rà á. Ó sì ṣe jẹ́ pé ìgbà gbogbo ni ìwọ ń kánjú? A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná o."

Mo pòṣé. Ilé tí wọ́n ti ń ta kaun kò ju ilé mẹ́wàá lọ sí tiwa. Mo fi ọṣẹ fọ ọ̀bẹ méjèèjì, mo nù wọ́n, mo fi òróró pa wọ́n. Alhaji gbé tirẹ̀ sóòrùn, ó rẹ́rìn-ín, ó ṣàdúrà fún mi.

Ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú Iléyá, mo mú ọ̀bẹ kékeré náà jáde láti fi han ẹnì kan. Ojú ọnà rẹ̀ ń làágùn. Omi dúdú rín-ín-rín ló ń sun jáde lábẹ́ òróró. Mo nù ún, ó tún sun. Mo fi ẹnu rẹ̀ ti etí tábìlì, mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ó ṣẹ́ ní ọ̀gangan igi òdòdó, kò tilẹ̀ pariwo.

Mo fi àkísà wé e, mo tì í sábẹ́ àpò èédú. Mo wọ adaidaita lọ sí Gwagwarwa.

Alhaji ń rán agbádá lọ́wọ́ nígbà tí mo dé. Ọ̀bẹ náà wà lára ògiri lókè orí rẹ̀, nínú àkọ̀ aláwọ. Mo kí i tán, n kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ojú wò nínú méjèèjì, ọ̀bẹ ni tàbí ọwọ́ tó ń lọ tó ń bọ̀ lára aṣọ.

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lọ́bẹ yẹn. Mo fẹ́ kùn ún sí i, kó lè dán dáadáa."

"Haba, ọmọ mi! Kí ló tún kù tó fẹ́ dán? Wallahi, mo ti fi han gbogbo àdúgbò. Lẹ́yìn Sallah, wá mú un, kùn ún bó ṣe wù ẹ́."

"Kò ní pẹ́ sà."

"Ṣé o rí ìwọ yìí, o fẹ́ràn iṣẹ́ jù. Bàbá ẹ gan-an ò tó ẹ."

Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n sọ pé ọ̀bẹ náà máa ṣẹ́. Ó ti dé etí ètè mi. Ṣùgbọ́n òun ló sọ lójú gbogbo wọn pé kí wọ́n gbé e fún mi, ojú rẹ̀ ni mo sì máa wò kí n sọ pé ọṣẹ ni mo fi fọ̀ ọ́. Ojú tì mí. Mo dúpẹ́, mo padà sílé.

Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi ń sọ fún ara mi pé bóyá ọ̀bẹ Alhaji nípọn ju kékeré yẹn lọ. Ó nípọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi náà ni mo jẹ́ kí ásíìdì jinlẹ̀ lórí rẹ̀. Nígbà tó ku ọ̀la, mo pè é lórí fóònù. Ó dún lẹ́ẹ̀mejì, mo sì gé e.

Lọ́jọ́ Iléyá, wọ́n pa àgbò tiwa, wọ́n sun ún, n kò lè jẹ. Gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún nínú ọgbà ni mo ń dìde wò. Ọwọ́ ọ̀sán, ti ìyá mi dún. Ìyàwó Alhaji ni. Ó ní wọ́n ti pa àgbò náà tán, Alhaji ń gé oríkèé itan rẹ̀ ni irin ṣẹ́, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì yọ̀ wá sẹ́nu ìlàjì tó kù, ó gé iṣan àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Wọ́n ti rán an, ṣùgbọ́n ìka mẹ́ta ò gbéra.

Lọ́sẹ̀ kejì, Alhaji fi ọ̀bẹ náà ránṣẹ́ sí baba mi, ó ní kí wọ́n bá òun ṣe òmíràn, àmúwá Ọlọ́run ni. Baba mi yẹ ojú ibi tó ti ṣẹ́ wò. Ó fi ahọ́n kàn án, ó tu itọ́ sílẹ̀.

"Ó kan," ó ní. "Kaun dà?"

Mo sọ fún un.

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Nígbà tí Iléyá ku ọjọ́ mẹ́fà."

Mo ń retí kó gbá mi létí. Ì bá dùn mọ́ mi. Ó gba irin tuntun lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ó gbé e síwájú mi pẹ̀lú ìwé tí Alhaji ya ọnà sí, ó sì jókòó tì mí títí mo fi parí. Ọ̀bẹ náà sùn sínú omi kaun. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní, "Gbé e lọ fúnra rẹ."

Ìyàwó Alhaji ló mú mi wọlé. Agbádá ọjọ́sí ṣì wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, abẹ́rẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ níbi tí Alhaji rán an dé. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀: ẹ̀wà, ọṣẹ, ọ̀bẹ kékeré tó ṣẹ́ lórí tábìlì, fóònù tí mo gé.

Alhaji wo abẹ́rẹ́ náà.

"Ọjọ́ tí o wá síbí," ó ní, "o ti mọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

Ó mi orí. Ó na ọwọ́ òsì, ó gba ọ̀bẹ tuntun náà lọ́wọ́ mi. Bó ṣe ń gbà á, ó ní kí n má bínú, ọwọ́ òsì ni.