Ilé Tí A Tú, Tí A Tún Kọ́

Nígbà tí wọ́n gbé mi lọ sí Abereke, ìlú kan létí òkun, láti lọ ṣe tíṣà, n kò gbé inú ilé tí omi wà lábẹ́ rẹ̀ rí. Ìlú òkè ni wọ́n bí mi sí. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì ti gba gbogbo yàrá tó wà nítòsí iléèwé, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ayálégbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tó ń yan ẹja tà.

Orí òpó igi ni ilé wọn wà, bíi ti gbogbo àdúgbò. Pákó ni ògiri, pákó ni ilẹ̀ tí à ń tẹ̀, pákó náà ni afárá tóóró tó so ilé kan mọ́ èkejì. Láti àlàfo ilẹ̀ yàrá mi ni mo ti ń rí omi. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ṣe ni mò ń di ògiri mú rìn. Ìyá ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ọkọ àwọn ló ri òpó wọ̀nyẹn mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n òkun ń jẹ ilẹ̀ bọ̀. Ní ọdún kejì mi, ìgbì gbé ilé ìdáná ìyá lọ lọ́sàn-án gangan. Ọpẹ́ ni pé kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀. Mo rò pé ìyá yóò sunkún. Wọ́n kàn wo ibi tí ààrò wọn wà tẹ́lẹ̀, wọ́n ní kí n bá àwọn ká aṣọ tí a sá.

Mo ti ń di ẹrù mi, torí mo gbà pé ó parí nìyẹn. Àfi bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí ìyá bí ṣe kó àwọn aládùúgbò dé, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú ilé. Wọ́n ń fa ìṣó yọ, wọ́n ń to pákó sínú ọkọ̀ ojú omi. Àwọn ìmàle àdúgbò kírun ọ̀sán tán, wọ́n wá fa àwọn òpó tí kò tíì jẹrà yọ. Èmi náà ru pákó. Ẹ̀yìn ìlú, létí odò kékeré, la kó gbogbo rẹ̀ lọ.

Nígbà tí òpó ti dúró, ìyá pè mí.

“Tíṣà, ibo lo fẹ́ kí fèrèsé rẹ kọjú sí?”

Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí, kódà nílé bàbá mi. Mo ní mo fẹ́ máa rí odò tí ọkọ̀ àwọn ọmọ iléèwé ń gbà kọjá. Wọ́n sọ fún kápẹ́ńtà, ó sì gé e síbẹ̀. Mi ò di ẹrù mọ́.

Wọ́n ti gbé mi lọ sí iléèwé mìíràn báyìí, ṣùgbọ́n mo padà lọ kí ìyá lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Àwọn ọmọ-ọmọ ìyá ń kan páànù mọ́ orí yàrá tuntun méjì tí wọ́n fi kún ilé náà. Ariwo òòlù kò jẹ́ ká gbọ́ ara wa dáadáa, ṣùgbọ́n ìyá bu ẹja fún mi, mo sì jókòó jẹ ẹ́.