Kíndìnrín Ìyàwó Wa

Nígbà tí kíndìnrín ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dáṣẹ́ sílẹ̀, láti Ẹ̀jìgbò níbí la ti ń gbé e lọ sí Òṣogbo kí wọ́n lè fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bá a bá ti padà délé, ó máa ń rẹ̀ ẹ́ débi pé kò ní lè dá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Dókítà ní ẹ̀rọ yẹn kàn ń gbé e ró ni, pé àfi tí ẹnì kan bá lè fún un ní kíndìnrín kan.

Èmi ni mo kọ́kọ́ yọ̀ǹda ara mi. Ọmọ bàbá kan, ìyá kan ni wá. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n ní kò bá tirẹ̀ mu. Mo bú sẹ́kún, ṣùgbọ́n n ò lè sọ bóyá ìbànújẹ́ ni àbí ìtura.

Ìyàwó rẹ̀ bá ní kí wọ́n yẹ òun náà wò. Ọmọ ìlú Màsífà ni, kì í ṣe ẹbí wa. Bí ti ọmọ ìyá ò bá bá a mu, ṣé ti ẹni tí a lọ fẹ́ níta ló máa bá a mu? Ìgbà tí èsì dé, dókítà ní ó bá a mu.

Ìyá wa kọ̀ jálẹ̀. “Ọmọ ọlọ́mọ! Bí nǹkan bá ṣe ọ́, kí ni n ó wí fáwọn òbí rẹ?”

“Màámi, ẹ má bínú. Méjì ni mo ní. Wọ́n ti yẹ̀ mí wò dáadáa, wọ́n ní ọ̀kan á tó mi lò. Ṣé kí n máa wò ó títí á fi kú ni?”

“Lọ́jọ́ àjíǹde ńkọ́? Ta ni kíndìnrín yẹn máa bá jí?”

“Ẹni tó bá kọ́kọ́ jí nínú àwa méjèèjì ni, mà.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ìyá wa ò rẹ́rìn-ín.

Síbẹ̀, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fáwọn méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n mi ń lo oògùn lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ó ti padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ara ìyàwó náà sì le.

Èmi ni ọ̀rọ̀ wá dojú rú fún. Ìyàwó wa dàgbà jù mí lọ, ṣùgbọ́n ó bá mi nílé ni, àǹtí ló ń pè mí, ó sì máa ń kúnlẹ̀ kí mi. Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi kan, bó ṣe fẹ́ kúnlẹ̀, mo dì í mú. Èmi ni mo fẹ́ kúnlẹ̀ fún un. Òun náà dì mí mú.

“Àǹtí, kí ló dé?”

“N ò mọ̀.”

Ibẹ̀ la wà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, a ò dìde tán, a ò kúnlẹ̀ tán, tí ìyá wa fi jáde wá bá wa.

“Kí lẹ̀ ń ṣe báyìí?”