Bọ́ọ̀lù tí Jarvell Kò Jù

Jarvell Tolliver kò ga, ohun tó sì bá a jà jù láyé nìyẹn. Ní ìlú Helena létí odò Mississippi ní Amẹ́ríkà, ọmọ tó bá ní òun fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga bí òpó iná kí wọ́n tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí Jarvell ń parí iléèwé girama, èjìká ìyá rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá dọ́gba. Ìyá náà, Verlene, tó ń wa bọ́ọ̀sì iléèwé, obìnrin sìgbọnlẹ̀ ni. Àwọn aládùúgbò a máa ní ìyá ló kó gbogbo gíga ilé yẹn, kò ṣẹ́ kù fún ọmọ.

“Ata wẹ́wẹ́ ni,” Verlene á dá wọn lóhùn. “Ẹ jẹ ẹ́ ná, kí ẹ wá sọ̀rọ̀.”

Òótọ́ ló sọ. Gáàdì ni Jarvell, ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù wá láti ẹ̀yìn, tó ń pín in fún àwọn yòókù. Á kọjú sí ọ̀tún, bọ́ọ̀lù á sì ti balẹ̀ sọ́wọ́ ẹnìkan lósì kí alátakò tó yíjú. Ó tún mọ̀ ọ́n jù sínú apẹ̀rẹ̀. Ní ọdún tó lò kẹ́yìn níléèwé, yunifásítì kan láti ìpínlẹ̀ kejì wá mú un, kó máa gbá bọ́ọ̀lù fún wọn, kó sì kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, ìjọ wọn din ẹja, wọ́n sì jẹ ẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ayọ̀ yẹn kò tọ́jọ́. Kò pé ọdún kan tí Jarvell débẹ̀ tí wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá tó mú un wá, ẹni tuntun sì kó àwọn ọmọ tirẹ̀ dání. Ó pe Jarvell sí ọ́fíìsì.

“Ọmọ dáadáa ni ọ́,” ó ní, “ṣùgbọ́n àwọn tí mo fẹ́ ga jù ọ́ lọ.”

“Kóòṣì, ẹ ò tíì rí mi níbi tí mo ti ń gbá a.”

“Mo ti rí ẹ. Ìwọ lo dúró níwájú mi yìí.”

Jarvell fi ẹkún pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Verlene jẹ́ kó sunkún dáadáa. “Ó tán?” ó ní. “Ó dáa. Iléèwé mìíràn wo ló wà?”

“Kékeré kan ní Kansas ni, Mọ́mì. Màlúù wọn pọ̀ ju èèyàn lọ.”

“Màlúù kì í bi èèyàn bó ṣe ga tó. Máa lọ.”

Ní Kansas ni Jarvell ti pàdé bàbá àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Merritt, akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń gún ni bí ẹ̀gún. Bí Jarvell bá ti ju bọ́ọ̀lù nígbà tí ẹlòmíì dúró níbi tó dára jù, Merritt á fun fèrè.

“Ta ló ni bọ́ọ̀lù yẹn?”

“Ẹni tí wọn ò ṣọ́ ni, sà.”

“Bí o bá tilẹ̀ mọ bọ́ọ̀lù jù sápẹ̀rẹ̀ ju ẹni náà lọ ńkọ́?”

“Òun náà ló ni ín, sà.”

Ó kọ́ ọ títí ó fi wọ̀ ọ́ lára. Síbẹ̀, nígbà tó ṣe tán níléèwé, kò sí ẹgbẹ́ ńlá kankan tó mú un. Ó wọ ẹgbẹ́ kékeré kan, níbi tí wọ́n ti ń sùn sí òtẹ́ẹ̀lì ẹ̀bá ọ̀nà, tí wọ́n ń fi adìyẹ dídín ilé epo ṣe oúnjẹ alẹ́. Ó ti ń rò ó pé bóyá kí òun wá iṣẹ́ mìíràn nígbà tí àwọn gáàdì ẹgbẹ́ ńlá kan fara pa tẹ̀léra tẹ̀léra. Wọ́n ní kó máa bọ̀.

“Mọ́mì, ẹ jókòó.”

“Mo ti jókòó. Mo ń wa bọ́ọ̀sì!”

“Ẹ gbé e dúró ná.”

Verlene gbé e sẹ́bàá ọ̀nà. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó tẹ fèrè ọkọ̀ mọ́lẹ̀ kò gbé ọwọ́ kúrò, àwọn ọmọ iléèwé ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń hó yèè láìmọ ohun tí wọ́n ń hó sí.

Ní ọjọ́ eré àkọ́kọ́ rẹ̀ níbẹ̀, Jarvell jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí eré fi fẹ́ẹ̀ parí. Àmì kan ṣoṣo ni àwọn alátakò fi ń ṣíwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tí rẹfirí lé gáàdì tó kù jáde. Wọ́n ní kí Jarvell wọlé. Ó gba bọ́ọ̀lù, ó sá wọ àárín wọn, ọ̀nà sì là sílẹ̀ gbalaja. Àwọn òmìrán méjì yí padà sí i. Lójú ẹsẹ̀ yẹn ló rí Hollis Brandt, àgbà nínú ẹgbẹ́ tirẹ̀, tó dá dúró ní igun pápá. Ó fún un. Hollis jù ú. Bọ́ọ̀lù yí ẹnu apẹ̀rẹ̀ po, ó sì já síta. Eré parí.

Kò pẹ́ tí ara àwọn tó fara pa fi yá, wọ́n sì dá Jarvell padà sí ẹgbẹ́ kékeré.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó wálé, ó lọ gẹ irun. Kò tíì jókòó dáadáa tí Cleophus onígbàjámọ̀ fi bẹ̀rẹ̀.

“Ẹ wo akọni wa! Ọ̀nà là níwájú ẹ, o wá lọ gbé bọ́ọ̀lù fún bàbá arúgbó!”

“Ó dá dúró ni, Ọ̀gbẹ́ni Cleophus.”

“Ìwọ náà rèé, o dá dúró nílé ìyá ẹ!”

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Jarvell náà rín in, ṣùgbọ́n ó dìde nígbà tí wọ́n gẹ ìdajì orí rẹ̀, ó sì jáde.

“Kí ló jẹ apá kan orí ẹ?” Verlene bi í nílé.

Jarvell fara ti ilẹ̀kùn. “Mọ́mì, ṣé ó yẹ kí n jù ú ni?”

Verlene pa iná ìdáná. “Mi ò ní purọ́ fún ẹ. Mo pariwo ‘jù ú!’ títí ohùn mi fi há. Ṣùgbọ́n ṣé wọn ò ṣọ́ Hollis lóòótọ́?”

“Wọn ò ṣọ́ ọ.”

“Bó bá tún rí bẹ́ẹ̀ lọ́la ńkọ́?”

“Màá tún fún un.”

“Ṣé o rí i, o ti dá ara ẹ lóhùn. Wá jókòó kí n bá ẹ gẹ èyí tó kù. O ò lè máa rìn kiri bí àgùntàn tí wọ́n ń rẹ́ irun rẹ̀, tó já mọ́ wọn lọ́wọ́.”

Lọ́dún yẹn ni Hollis Brandt fi bọ́ọ̀lù gbígbá sílẹ̀, tí ẹgbẹ́ mìíràn sì gbà á láti máa ran akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ń wá gáàdì, òun fúnra rẹ̀ ló pe Jarvell.

“Bọ́ọ̀lù tó dára jù tí wọ́n fún mi lọ́dún yẹn, ìwọ lo fún mi. Èmi ni mo bà á jẹ́.”

“Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, sà.”

“Mo ti sọ ọ́. Di ẹrù ẹ.”

Jarvell kò di gbajúmọ̀. Kì í pẹ́ lórí pápá tí wọ́n fi ń mú un jáde, àwọn oníròyìn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ náà bá wọ ọkọ̀ òfúrufú, àwọn ọmọ tuntun, tí orúkọ wọn ti kárí ayé, a máa du àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n á ṣí eré tí wọ́n gbá kọjá lórí fóònù, wọ́n á ní, “Bọ̀ọ̀dá Jarvell, ibí yìí ńkọ́? Ta ni kí n fún?” Á gba fóònù náà, á dá eré dúró, á sì fi ìka tọ́ka sí ẹni tí wọn ò rí.