Bàbá Mi, Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Bi Wá Léèrè Ohun Tí A Ṣe Lánàá

Háà, Bàbá! Ẹ ò dúró dè mí. Àárọ̀ kùtù ni oníṣẹ́ gun alùpùpù wá bá mi ní Kouloundè, àdúgbò mi ní Sokodé, n kò sì wẹ̀ kí n tó kúrò níbẹ̀. Kí ọkọ̀ wa tó kọjá Tchamba, wọ́n ti wẹ̀ yín, wọ́n ti kírun sí yín lára. Nígbà tí n óò fi dé Kambolé, ìlú wa, àwọn tó sin yín ti ń fọ ọwọ́. Èmi Rafiatu, àkọ́bí yín, n kò rí ojú yín mọ́.

Òní ló pé ogójì ọjọ́. Gbogbo àwọn tó wá ṣàdúrà ló ṣì ń pè yín ní Mẹ́tìrì, bí a ti ń pe tíṣà níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé lógún ọdún tí ẹ ti fi ẹfun sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn ní Faransé, ẹ ò sì fi pàṣán kọ́ ẹnikẹ́ni. Ní àràárọ̀ ẹ ó ní kí olúkúlùkù sọ nǹkan mẹ́ta tó ṣe tán lánàá. Ẹ ní nínú èdè Faransé, ìṣe tó ti parí kì í dá rìn, ó gbọ́dọ̀ ní olùrànlọ́wọ́. «J'ai planté l'igname», mo ti gbin iṣu: avoir ló ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bó bá di ká lọ, ká bọ̀, ká wọlé, ká jáde, être ni. Ẹ ó ní kí n dìde kí n bọ́ síta, gbogbo kíláàsì á pariwo: «Rafiatu est sortie!» Mo bá tún wọlé: «Rafiatu est entrée!» Ẹ ó rán wọn létí pé kí wọ́n fi lẹ́tà e kan kún un bí wọ́n bá ń kọ ọ́, torí obìnrin ni mí. Inú mi máa ń dùn débi pé mi ò fẹ́ kí ẹ pe ẹlòmíràn.

Òfin kan lẹ fún wa. Ẹ ní: «Ohun tí o kò bá ṣe, má sọ pé o ti ṣe é. Èyí tí o bá ṣe, má bò ó.»

Ní ọdún kan, àṣẹ dé pé kí gbogbo tíṣà àti ọmọ ilé-ìwé lọ jó kí wọ́n sì kọrin ìyìn fún olórí ìjọba ní Tchamba. Ẹ ránṣẹ́ pé ibà ń ṣe yín. A jó nínú oòrùn títí ẹsẹ̀ wa fi bó. Nígbà tí mo padà, mo bá yín lóko, ẹ ń kọ ebè iṣu, ara yín le koko. Ní ọjọ́ kejì mo kọ ọ́ sínú ìwé mi: «Nous avons dansé à Tchamba. Mon père n'est pas venu. Il a travaillé dans son champ.» Ìyẹn ni pé a jó ní Tchamba, ẹ̀yin bàbá mi kò wá, oko yín lẹ ti ṣiṣẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, orí mi ń wú pé mo lo avoir àti être láìṣì.

Ẹ gba ìwé wa, ẹ ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò sì mọ̀ bóyá ẹ ti dé orí tèmi. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ àwọn alábẹ̀wò ìjọba dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn ka ìwé mi lẹ́ẹ̀mejì, ó wá béèrè pé: «Ta ni Rafiatu?» Mo nawọ́ sókè. Mo rò pé ó fẹ́ yìn mí ni.

Wọ́n mú yín lọ sí Sokodé. Orí tábìlì ni wọ́n fi ìwé mi sí, n kò sì rí i mọ́. Nígbà tí ẹ padà, ẹ ti rù, ẹ ò sì sọ ohun tí ojú yín rí. Wọn ò jẹ́ kí ẹ kọ́ni mọ́. Ẹ gba oko lọ, iṣu àti àgbàdo, n kò sì tún gbọ́ Faransé lẹ́nu yín nínú ilé.

Gbogbo Iléyá ni mo ń wá kúnlẹ̀ kí yín. Màá ti tọ́jú rẹ̀ sẹ́nu pé «Bàbá, ẹ foríjì mí,» ṣùgbọ́n ìtìjú á mú mi, n óò wá béèrè bí iṣu ṣe ta. Ẹ̀yin náà á ní, «Ṣé ọ̀nà dára?» Bẹ́ẹ̀ la ṣe títí ikú fi dé.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni Màmá gbé ìwé mi ọjọ́ náà lé mi lọ́wọ́. Ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ yín ló wà. Lábẹ́ gbólóhùn mi yẹn gan-an lẹ fi bíìkì, gègé pupa tí ẹ fi ń máàkì, kọ «Très bien», ó dára gan-an. Bàbá, láti ìgbà tí ọkọ̀ wọn ti dúró, ẹ ò fọwọ́ kan bíìkì pupa mọ́. Ẹ ti kà á nìyẹn kí wọ́n tó dé! Ojú ewé kan péré ni, ẹ lè fà á ya, ẹ ò fà á ya. Ẹ mọ̀, ẹ sì fún mi ní máàkì. Èmi wá ń fi ìtìjú sá fún yín láti ọjọ́ náà, nígbà tí ìbéèrè kan ṣoṣo, «Ṣé ẹ ti kà á?», ìbá ti tó. Ta ni n óò bi báyìí? Ayé mi ṣófo, Bàbá.

Lánàá, mo jókòó síbi sàréè yín, mo bẹ̀ yín. Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe tán lánàá nìyẹn, n kò sì bò ó.

Ẹ sùn re, Mẹ́tìrì mi.