Oògùn Ẹ̀yìn Ọkọ Mi

Ẹnu ọkọ mi ló kó o sí wàhálà. Ó ń ti ọjà Botro bọ̀ pẹ̀lú ẹrù bàtà tó ń tà, ni wọ́n bá dá ọkọ̀ wọn dúró ní kọ́ríídọ̀, níbi tí àwọn jàndáámù, ṣójà tó ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá, ti ń yẹ ẹrù wò kí èèyàn tó wọ Bouaké, ìlú tí à ń gbé. Wọ́n bá hóró tìrámádọ̀ nínú ọ̀rá lápò rẹ̀, wọ́n bi í pé kí nìyẹn.

Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá bá mi, kò sì tíì pẹ́. Faransé rẹ̀ ò ju ìkíni àti iye owó bàtà lọ. Lọ́hùn-ún, bí ẹnìkan bá ní òun ra dírọ́ọ̀gì ní kẹ́míìsì, oògùn ibà tàbí ti ẹ̀fọ́rí ni gbogbo ayé mọ̀ pé ó rà. Ó wá èyí tó jọ ọ́ jù nínú Faransé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Drogue, chef."

Ẹyin lọ̀rọ̀. Egbògi olóró ni drogue ní Faransé. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó jẹ́wọ́, wọ́n sì gbà pé ó ń tà á ni.

Èmi, Koko, àdúgbò kan ní Bouaké, ni wọ́n bí mi sí. Mo gbọ́ Faransé, mo gbọ́ Dioula, mo sì lẹ́nu. Àbúrò bàbá mi ní kí n dákẹ́, kí á wá ẹni ńlá kan bẹ̀, kí wọ́n má baà máa sọ láàárín ìlú pé Anago, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, ń ta drogue. Inú bí mi gan-an. Ẹni tí wọ́n fẹ́ sọ sẹ́wọ̀n fún ọdún gbọọrọ ni bàbá ọmọ mi, orúkọ wa láàárín ìlú ni àbúrò bàbá mi ń rò. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo nujú, mo wá agbẹjọ́rò lọ.

Obìnrin ni, kò sì kẹ́ mi. Mo ní oògùn ni, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó ní rárá. Oògùn tí òfin tì mọ́lé ni tìrámádọ̀. Ilé oògùn kò gbọdọ̀ tà á fún ẹni tí kò bá mú ìwé dókítà wá. Ẹni tó bá ní in lọ́wọ́ láìsí ìwé yẹn ti ṣẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ẹ̀yìn ń pa á kú lọ, ìbáà jẹ́ pé ẹgbẹ́ parasẹtamọ́ọ̀lù ló ti rí i tí wọ́n pàtẹ rẹ̀ lọ́jà. Ó ní ohun tí a lè jà fún ni pé fún ara rẹ̀ ló ṣe gbé e, kì í ṣe fún títà. Mo bá a jiyàn títí ọ̀rọ̀ mi fi fẹ́ẹ̀ sú u. Ó dùn mí pé òun ló tọ̀nà.

Ni mo bá lọ gba fọ́tò eegun ẹ̀yìn ọkọ mi ní ọsibítù tí wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ nígbà tí ẹrù wó lù ú. Mo gbé e há abíyá, mo gbọ̀nà ilé ẹjọ́.

Kò sí ògbufọ̀ tó gbọ́ Yorùbá, agbẹjọ́rò bá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbọ́ tẹnu mi. Adájọ́ wo fọ́tò náà, ó wo ọkọ mi, ó wá bi mí ní ohun tí a ń pe drogue ní èdè wa.

Mo ní, "Oògùn."

"Médicament ńkọ́?"

"Oògùn náà ni."

Ó ní èdè wa lè má ya egbògi olóró sọ́tọ̀ kúrò lára oògùn ìwòsàn, òfin tiwọn yà wọ́n. Mo fèsì pé mo ti mọ̀, pé n kò wá sọ pé kò ṣẹ̀. Ohun tí kò ṣe ni mo ní kí wọ́n má kà sí i lọ́rùn.

Wọ́n yọ ẹ̀sùn títà kúrò. Wọ́n ní ó jẹ̀bi níní in lọ́wọ́, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n fún un pẹ̀lú sursis, ìyẹn ni pé kò ní í lọ sẹ́wọ̀n àfi tó bá tún ṣẹ̀. Ọkọ mi ò mọ sursis. "Coupable", ẹlẹ́bi, tó ti kọ́ ní àtìmọ́lé, nìkan ló gbọ́. Ó dìde jẹ́jẹ́, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú kí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i.

Mo di ọwọ́ náà mú.

Mo ní, "Ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀. Ilé lẹ ń bọ̀ lónìí."